Ẹ Bi Ìyá Atẹdùùrù: Butterfly lẹ́ni ọdún 26, ọ̀rọ̀ owó, oyún, àti ìdí tí a kì í fi gbọ́ ohun tí sòpúránò ń sọ

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn dá lé: iṣẹ́ obìnrin tó ń fi ohùn sòpúránò, ohùn obìnrin tó ga jù lọ, gòkè bọ̀ nínú ọ́pẹ́rà. Ìdí dùùrù ni mo wà nínú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ fún akọrin nígbà tó bá ń kọ́ ipa tuntun, kí ọ̀kẹ́sítírà tó dé. Ohun tí mo ń gbọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń dáhùn.

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo sì ń parí ọdún kejì mi nínú ètò àwọn ọ̀dọ́ akọrin ní ilé ọ́pẹ́rà kan. Mo kọ Susanna ní sáà tó kọjá, Pamina ni mò ń kọ báyìí, ipa inú ọ́pẹ́rà Mozart ni méjèèjì. Ilé ọ́pẹ́rà kékeré kan ti ní kí n wá kọ Madama Butterfly, ọ́pẹ́rà Puccini, fún wọn ní sáà tó ń bọ̀. Aṣojú mi ní tí n kò bá gbà, wọn ò ní pè mí mọ́. Olùkọ́ mi ní kí n má gbà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ yín tó wà ní oríta

Ọmọ mi, ìwọ náà kú iṣẹ́, kú ìforítì. Má gbà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ fún ọ kọ́ ni.

Wọ́n á ní ohùn òkè ibẹ̀ ti ga jù. Kò ga jù fún ọ. Ẹni tó ń kọ Pamina lè dé ibi tí Puccini fẹ́ kí Butterfly dé. Kódà, èyí tó ga jù lọ nígbà tó bá ń wọlé, Puccini fi í sílẹ̀ fún akọrin láti yàn bóyá òun máa kọ ọ́ tàbí òun á fò ó. Àárín ohùn ni ẹjọ́ wà. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn bá ti wọlé ní apá kìíní, agbára káká ni kó tó kúrò lójú èrò títí eré fi parí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀kẹ́sítírà ń hó yèè lábẹ́ rẹ̀, ní àárín ohùn gan-an, níbi tí ohùn fífúyẹ́ bíi tìrẹ kò ti ní agbára púpọ̀ láti fi dojú kọ ọ́. Ọ̀kẹ́sítírà Mozart tó ti mọ́ ọ lára kì í sábà ju nǹkan bí 40 ènìyàn lọ. Ti Puccini ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bí o bá sì tún gòkè dé ọ̀dọ̀ Strauss, Elektra nìkan ń fẹ́ ènìyàn tó lé ní 100 nínú kòtò ọ̀kẹ́sítírà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń gbọ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin bá gba irú ipa yìí láìtó àsìkò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan á dùn. Ohùn á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, olùdarí eré á máa yìn ín, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá yá, mo máa rí i pé àgbọ̀n rẹ̀ ń yọ síwájú bó bá fẹ́ gùnkè. Iṣan abẹ́ àgbọ̀n á le gbandi. Fáwẹ́lì "i" á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí "e". Màá wá ní, "Jọ̀ọ́, tún gbólóhùn yẹn kọ fún mi, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni kí o kọ ọ́." Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Èémí á kọ́kọ́ jáde ní òun nìkan, kí ohùn tó wá ta jáde lẹ́yìn rẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n tì. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ọmọ mi. Ohùn ńlá á ṣì wà, ohùn òkè á ṣì wà, èrò á sì máa pàtẹ́wọ́. Wọn ò ní mọ̀. Ìwọ náà lè má mọ̀. Atẹdùùrù ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, kọ apá kejì Butterfly látòkè délẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, dùùrù nìkan ni kí ó bá ọ kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí o bá ti mú ohùn rẹ gbóná tán, kọ "Ach, ich fühl's", àdákọ Pamina tí o ti mọ̀ dunjú. Wo ibi nóòtì B-flat òkè yẹn. Tí kò bá fẹ́ jáde lọ́nà ẹ̀lẹ̀ bó ṣe máa ń jáde, ohùn rẹ ti dá ọ lóhùn, kò sì yẹ kí o tún béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.

Ara ènìyàn ló ní àsìkò tirẹ̀. Kèrékèré inú gògóńgò kì í le tán ní ogún ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń le bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣan tó ń gbé èémí náà sì ń fìdí múlẹ̀ bákan náà. Bí ohùn bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó gbó. Sòpúránò tí ohùn rẹ̀ fúyẹ́, tó sì ń ṣẹ́ kíákíá, lè ti dúró ṣinṣin ní 25. Èyí tó máa kọ Wagner lè má tíì dúró títí tó fi sún mọ́ 35. Ìwọ wà láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀nà rẹ sì ṣì jìn.

O ní wọn ò ní pè ọ́ mọ́. Wo ọ̀rọ̀ Jessye Norman, gbajúmọ̀ sòpúránò ọmọ Amẹ́ríkà. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ARD ní Munich ní 1968, ó sì wọ orí ìtàgé Deutsche Oper ní Berlin ní 1969, ipa Elisabeth nínú Tannhäuser. Ẹni ọdún 24 ni. Gbogbo ilé ọ́pẹ́rà ló ń wá a. Ní 1975, obìnrin yìí fi orí ìtàgé ọ́pẹ́rà sílẹ̀ pátápátá. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi ń kọ orin àdákọ pẹ̀lú dùùrù àti orin àpéjọ pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà, kí ohùn rẹ̀ lè dàgbà bó ṣe fẹ́. Ó padà ní 1980 ní Hamburg pẹ̀lú Ariadne. Ní 1983, òun ni ilé ọ́pẹ́rà Met ní New York pè láti kọ Cassandra nínú Les Troyens lálẹ́ tí wọ́n ṣí sáà ọgọ́rùn-ún ọdún wọn. Ṣé wọ́n gbàgbé rẹ̀?

Mirella Freni náà ń bẹ, òun sì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò jù, torí ohùn rẹ̀ sún mọ́ irú tìrẹ. Micaëla nínú Carmen ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Modena ní 1955. Ó gba Butterfly sílẹ̀ nínú àwo pẹ̀lú adarí orin Karajan, ó kọ ọ́ nínú sinimá pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ipa rẹ̀ ni. Kò kọ ọ́ lórí ìtàgé rí, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, a lè dúró, ká sinmi, ká tún un kọ lọ́la. Orí ìtàgé kò fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Freni mọ ìyàtọ̀ náà, ó sì kọrin títí di 2005, nígbà tó pé ẹni 70 ọdún. Àádọ́ta ọdún lórí ìtàgé, ọmọ mi! Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún ọ tó ju ìyẹn lọ.

Wọ́n á mú àpẹẹrẹ Maria Callas wá bá ọ, nítorí náà jẹ́ kí n dá a lóhùn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ní Venice, ní January 1949, ó kọ Brünnhilde nínú Die Walküre, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sì tún bọ́ sórí Elvira nínú I puritani, nítorí pé ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ ń ṣàìsàn. Ẹni ọdún 25 ni. Ayé ò tíì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní July 1965 ló kọ ọ́pẹ́rà odindi gbẹ̀yìn lórí ìtàgé, kò sì tíì pé ẹni ọdún 42. Àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, èmi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Mo kàn ń sọ fún ọ pé kí o ka ọdún náà kí o tó fi í ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ti bí o ṣe máa dá wọn lóhùn: má fi "rárá" lásán ránṣẹ́. Ní kí aṣojú rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó sọ pé ipa náà wà lójú ọ̀nà rẹ, àmọ́ kì í ṣe sáà yìí, kó sì wá dárúkọ ohun tí o lè kọ báyìí. Micaëla. Mimì nínú La bohème, tí gbọ̀ngàn wọn kò bá tóbi jù, tí adarí orin sì jẹ́ ẹni tó máa ń fetí sí akọrin. Liù nínú Turandot pàápàá ṣeé bá wọn sọ, torí ipa rẹ̀ kò gùn, Puccini sì fi ẹ̀sọ̀ kọ ọ́. Ilé ọ́pẹ́rà tó nífẹ̀ẹ́ sí ohùn rẹ á ronú sí i. Èyí tó jẹ́ pé Butterfly nìkan ló ń wá, tí kò sì bìkítà ẹni tó máa kọ ọ́, má banú jẹ́ tí kò bá pè ọ́ mọ́. Bá aṣojú rẹ sọ̀rọ̀ ojú sí ojú pẹ̀lú. Nínú owó rẹ ló ti ń gba tirẹ̀. Ìwọ lo ni iṣẹ́ náà.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ràn ọ́pẹ́rà gan-an, ṣùgbọ́n tí obìnrin bá ti ń kọ ohùn òkè, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan mọ́, kódà tó bá jẹ́ èdè tí mo gbọ́. Ṣé àìkọ́ṣẹ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò fún wọn ní gbohùngbohùn? — Olólùfẹ́ orin

Àìkọ́ṣẹ́ kọ́ rárá. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí ẹ̀sùn yìí ni wọ́n sábà máa ń fi kan àwọn sòpúránò, wọn kò sì jẹ̀bi.

Tí ènìyàn bá pe "i", "u" tàbí "a", ohun tó ń jẹ́ kí etí yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ihò ẹnu àti ọ̀fun ṣe ń gbé àwọn ìró kan ga ju àwọn yòókù lọ. Fún "i" àti "u", èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn wà ní nǹkan bí 300 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún "a" lẹ́nu obìnrin, ó lè tó 800 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dáa. Nóòtì C òkè tí sòpúránò ń kọ jẹ́ nǹkan bí 1,047 Hz. Ìyẹn ni pé tán-án-ná inú gògóńgò rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ńtímítà kan àti díẹ̀ lọ, ń pàdé ara wọn ní ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. F òkè ti Ọbabìnrin Òru nínú ọ́pẹ́rà Mozart sún mọ́ 1,400. Ohùn náà ti fo orí ibi tí etí ti lè dá fáwẹ́lì mọ̀. Kò sí ẹni tó lè pe "i" tó yàtọ̀ sí "a" níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jù láyé. Akọrin tó gbọ́n á la ẹnu, á jẹ́ kí àgbọ̀n wálẹ̀, kí ihò ẹnu lè bá gíga ohùn náà mu, kí ó sì dún. Tó bá di ẹnu pọ̀ kí ẹ lè gbọ́ "i", ohùn á pa, ọ̀fun á sì le.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́, fi máa ń fi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì sí ìsàlẹ̀ tàbí àárín ohùn, kí wọ́n tó gbé e lọ sókè. Ìrànlọ́wọ́ mìíràn tún wà: láti 1983 tí ilé ọ́pẹ́rà Toronto ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ orin hàn lókè ìtàgé nígbà Elektra, ó ti di àṣà káàkiri. Met gbé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn àga tó wà níwájú olùwòran ní 1995.

Ní ti gbohùngbohùn, wọn ò nílò rẹ̀. Ariwo ọ̀kẹ́sítírà pọ̀ jù ní agbègbè 500 Hz, ó sì ń dínkù bó bá ṣe ń lọ sókè. Àwọn akọrin ọkùnrin àti àwọn obìnrin tí ohùn wọn nísàlẹ̀ máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè kó agbára ohùn jọ sí nǹkan bí 3,000 Hz, níbi tí ọ̀kẹ́sítírà kò ti lágbára mọ́, tí etí ènìyàn sì mú ṣáṣá. Ti sòpúránò rọrùn díẹ̀ lókè, torí gíga ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo ìsàlẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn Met, níbi tí àga tó nǹkan bí 3,800, ẹni tó jókòó sí òkè pátápátá lẹ́yìn ń gbọ́ ọ. Ìró tó ti ara ẹni bọ́ sí ara ẹni, láìsí ẹ̀rọ láàárín, èmi ò lè fi nǹkan kan pààrọ̀ rẹ̀.

Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé oyin àti omi gbígbóná ń fọ ohùn? — Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin

Ohun tí o bá gbé mì kì í dé orí tán-án-ná. Tó bá dé ibẹ̀, ikọ́ ni wàá máa wú. Ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà kọjá lẹ́yìn. Oyin lè tu ọ̀fun lára, kò burú, ṣùgbọ́n omi tí o mu láti àná ló ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn rẹ lónìí. Ooru omi gbígbóná tí o bá fà símú ń dé ibẹ̀ tààrà. Oorun sì ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ kú déédéé ìwòyí, mà. Ọmọ mi obìnrin gba ẹ̀bùn nínú ìdíje orin ńlá kan, wọ́n sì ń kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Síbẹ̀, ó ṣì ń yá owó lọ́wọ́ mi láti fi wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ṣé iṣẹ́ gidi ni èyí àbí eré? Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. — Ìyá olórin

Ẹ kú ọmọ, mà, ẹ sì kú ìnáwó. Iṣẹ́ gidi ni. Kò sí ohun tó ṣàjèjì nínú ohun tí ẹ rí yẹn, kì í sì í ṣe pé ọmọ yín ń náwó ní ìnákúnàá.

Akọrin tó ń lọ láti ilé ọ́pẹ́rà kan sí òmíràn, alẹ́ eré ni wọ́n sábà máa ń sanwó fún. Ẹ jẹ́ ká sọ pé eré mẹ́fà ló wà nínú àdéhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe ìfidánrawò kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé, nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn owó ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kò sì sí, tàbí kó jẹ́ owó díẹ̀ fún oúnjẹ. Ilé tó ń sùn sí, òun ló ń san án. Olùkọ́ ohùn rẹ̀, òun ló ń san án. Aṣojú á gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí á sì kúrò níbẹ̀. Tí ọ̀fun bá wá dùn ún lálẹ́ eré kẹta, kò ní gba kọ́bọ̀ fún alẹ́ yẹn. Nígbà àrùn kòrónà ní 2020, tí àwọn ilé ọ́pẹ́rà ti ìlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ akọrin ló rí i pé àdéhùn ọdún méjì tí wọ́n ti gbọ́kàn lé lè di òfo lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dùn mí dọ́kàn láti máa rántí rẹ̀.

Owó ìdíje, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìdíje ni àwọn tó jókòó nídìí tábìlì, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yan akọrin fún ilé ọ́pẹ́rà ńláńlá. Operalia, tí Plácido Domingo dá sílẹ̀ ní 1993, ni Pretty Yende ọmọ South Africa gbégbá orókè níbẹ̀ ní 2011, tí Lise Davidsen ọmọ Norway náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015. Bí ẹ bá wo ìgbà tí àwọn méjèèjì dé Met, 2013 àti 2019 ni. Ọdún méjì fún ọ̀kan, mẹ́rin fún èkejì. Ohùn wọn kò jọra: ti Yende fúyẹ́, ó ń ṣẹ́ wéréwéré, ti Davidsen tóbi gidigidi, mẹ́sò, ohùn obìnrin tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí sòpúránò, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi kọ́ ọ kó tó bọ́ sí sòpúránò. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè pé "nígbà wo?", ẹ béèrè irú ohùn tí ọmọ yín ní.

Tí owó oṣù tó dúró bá ń wù yín fún un, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ Jámánì. Ilé ọ́pẹ́rà tó ní ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀ níbẹ̀ tó nǹkan bí 80. Wọ́n ń gba akọrin síṣẹ́ fún sáà odindi, owó oṣù, ìwòsàn, gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀: ó lè kọ ipa márùn-ún tàbí mẹ́fà láàárín sáà kan, Mozart lónìí, orin ẹ̀fẹ̀ lọ́tùn-únla. Kí ó rí i dájú pé irú ohùn tó ní wà nínú ìwé àdéhùn ní kedere, èyí tí wọ́n ń pè ní Fach. Òun ló máa dáàbò bò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ipa tó wúwo jù lé e lórí nítorí pé ẹnì kan ń ṣàìsàn.

Ẹ ṣì máa fún un lówó ọkọ̀ náà, mà, tí agbára yín bá gbé e. Àsìkò tí owó wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ jù lọ rèé.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n wá jẹ́ arọ́pò fún gbajúmọ̀ sòpúránò kan. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi mí ṣeré? Mo lè má kọ nóòtì kan níwájú èrò. — Arọ́pò

Lọ, àbúrò mi. Lọ kíákíá. Wọ́n á sanwó fún ọ láti kọ́ ipa kan dé orí pípé, wàá jókòó nínú gbọ̀ngàn nígbà ìfidánrawò, wàá sì rí bí ẹni tó ti kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ṣe ń pín agbára rẹ̀. Mú ìwé orin dání àti pẹ́ńsù. Kọ gbogbo ìrìn rẹ̀ sílẹ̀: ibi tó gbà wọlé, ọwọ́ tó fi di ife mú, àtẹ̀gùn tó gùn. Akọrin tí mo rí tó mọ orin dunjú ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, ojora máa ń mú un.

Kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ máa wà ní títàn, má sì jìnnà sí tíátà lọ́jọ́ eré. Yende kì í ṣe arọ́pò tó ti wà ní Met tẹ́lẹ̀ ní January 2013. Ẹni tó yẹ kó kọ Adèle nínú Le Comte Ory ti Rossini ló ń ṣàìsàn, wọ́n sì ké sí òun pé kó máa bọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi múra. Bó ṣe ń wọlé ní àkọ́kọ́, ó kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú. Ó dìde, ó kọ orin náà, gbọ̀ngàn sì hó. Ohun tó gbé e dìde ni pé ohùn rẹ̀ ti ṣetán fún ipa yẹn gan-an. Tí ipa tí wọ́n fún ọ bá bá ohùn rẹ mu, gbà á. Tí kò bá bá a mu, arọ́pò tí wọ́n lè pè lálẹ́ òní ni ọ́, nítorí náà ìdáhùn tí mo fún ọmọ ọdún 26 lókè yẹn ni tìrẹ náà.

Mà, mo ti ṣègbéyàwó, ẹni ọdún 31 ni mí, iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Tí mo bá lóyún báyìí, ṣé mo ti pa iṣẹ́ náà? — Ìyàwó olóhùn

O kò pa á. Ilé ọ́pẹ́rà ń ṣètò ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, oyún kì í sì í dúró de ìwé àdéhùn, nítorí náà kò sí àsìkò tó máa rọrùn pátápátá. Ní March 2025, Davidsen kọ Leonore nínú Fidelio ní Met, ìbejì wà níkùn rẹ̀. Ipa obìnrin tó múra bí ọkùnrin ni, kí ó lè wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀! Aṣọ eré ṣeé tún rán. Lẹ́yìn náà ló lọ sinmi.

Ní ti ara: àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ohùn wọn dùn sí i nígbà oyún, tó sì nípọn. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n èémí á máa kúrú bí ọmọ ṣe ń ti àgbékà èémí, iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, sókè. Lẹ́yìn ìbímọ ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ra jù. Iṣan ikùn tó ń gbé ohùn ró ti nà, tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, wọ́n ti la ikùn pẹ̀lú. Tí o bá padà sórí ìtàgé kí iṣan yẹn tó dì, ọ̀fun ló máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Sọ fún aṣojú rẹ kí ó fi oṣù tí o máa padà jìnnà sí oṣù ìbímọ dáadáa, ipa tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí o sì fi padà. Má kọ́ ipa tuntun pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán.

Ìdánwò ohùn mi àkọ́kọ́ ń bọ̀. Kí ni kí n mú dání? — Akẹ́kọ̀ọ́ orin

Àdákọ márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń béèrè, ní èdè tó yàtọ̀ síra: Ítálì, Jámánì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti Mozart. Ìwọ lo máa yan èyí tí o máa kọ́kọ́ kọ. Èyí tí ohùn rẹ ń ṣe fàlàlà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ ni kí o mú, kì í ṣe èyí tó le jù. Àwọn ló máa yan ìkejì, nítorí náà má kọ orúkọ àdákọ kankan sílẹ̀ tí o kò fẹ́ kí wọ́n yàn.

Ó ku tèmi, atẹdùùrù. A ò mọ ara wa rí, a ò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ láti fi mọra. Lẹ ojú ìwé rẹ pọ̀ lẹ́yìn-sí-lẹ́yìn, kí o sì fi wọ́n sínú fáìlì tó ń ṣí gbalaja. Ìwé kéékèèké tó tú ká máa ń ṣubú lórí dùùrù ní ibi tó burú jù. Má fi ike tó ń dán bo ojú ewé, torí iná gbọ̀ngàn á máa tàn lára rẹ̀, n kò sì ní rí nóòtì. Ibi tí o bá fò, fi pẹ́ńsù fà á kó hàn ketekete. Tí o bá fẹ́ sọ bó ṣe yá tó, má sọ fún mi pé "kí ó má fi bẹ́ẹ̀ yá". Fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ìlà àkọ́kọ́ sí mi létí, mo ti gbọ́. Tí mo bá ṣì yá jù nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, má yíjú wò mí, má sì na ìka sí mi. Máa kọ ọ́ bó o ṣe fẹ́ kó rí, kí o sì mí èémí tó hàn dáadáa kí o tó gbé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èémí yẹn ni mò ń tẹ̀ lé.